Lọ́jíìkì, ọ̀nà ìkà àti ìṣeéṣe: ibo gan-an ni ìdáhùn ti ń ṣìnà?

Olùbéèrè101

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tísà àti ẹ̀yin àgbà. Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀sì ìṣirò ọdún kìíní ni mo gbé wá. Apá mẹ́ta ló wà níbẹ̀: lọ́jíìkì, ọ̀nà ìkà (permutation àti combination), àti ìṣeéṣe, ìyẹn probability. Fọ́múlà kò ṣòro há sórí. Èwo la ó lò níbi èwo ni wàhálà. Ìbéèrè mẹ́rin rèé pẹ̀lú ìdáhùn tí wọ́n fi báìrò pupa fagi lé. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bàjẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.

1. Sọ òdì gbólóhùn yìí: “Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì yìí ló ti sanwó.” Èyí tí wọ́n fagi lé: “Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì yìí ni kò tíì sanwó.”

2. “Bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ á tutù. Ilẹ̀ tutù.” Kí la lè sọ? Èyí tí wọ́n fagi lé: “Òjò rọ̀.”

3. Obìnrin 7 àti ọkùnrin 6 ló wà nílẹ̀. Ọ̀nà mélòó la lè gbà yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 5 tí obìnrin inú rẹ̀ kò ní dín ní 3? Èyí tí wọ́n fagi lé: 1,575.

4. Bàbá jẹ́ AS, ìyá jẹ́ AS, ọmọ mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ bí. Kí ni ìṣeéṣe pé, ó kéré tán, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ SS? Èyí tí wọ́n fagi lé: 4 × 1/4 = 1.

TísàLọ́jíìkì

Àbúrò, o káre tó o kọ àwọn àṣìṣe náà síta. Èmi á mú 1 àti 2, kí àwọn tó mọ ìkà mú ìyókù.

Òdì gbólóhùn kì í ṣe gbólóhùn tó jìnnà sí i jù lọ. Òdì ni èyí tó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbàkígbà tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ irọ́, tó sì máa ń jẹ́ irọ́ nígbàkígbà tí ti àkọ́kọ́ bá jẹ́ òótọ́. Bi ara rẹ pé: kí ni nǹkan tó kéré jù lọ tó lè sọ “gbogbo wọn ló ti sanwó” di irọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo tí kò tíì san. Òdì rẹ̀ nìyẹn: “Ó kéré tán, akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí kò tíì sanwó.” Ká ní 40 ni wọ́n, tí 39 sì ti san. Gbólóhùn ìbéèrè di irọ́, ìdáhùn tìrẹ náà sì jẹ́ irọ́. Gbólóhùn méjì tó lè jẹ́ irọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kì í ṣe òdì ara wọn.

Èdè wa mọ́ níbí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ìkọ̀ jókòó sí. “Gbogbo wọn kọ́ ló sanwó” ń sọ pé, ó kéré tán, ẹnì kan kò san. “Gbogbo wọn ni kò sanwó” ń sọ pé kò sẹ́ni tó san rárá. “Kọ́” ń kọ gbogbo, “kò” ń kọ sísan. Tí ìbéèrè bá wá lédè Gẹ̀ẹ́sì tó sì rú ọ lójú, kọ ọ́ ní Yorùbá ná, kó o wo bóyá “kọ́ ló” ló bá a mu tàbí “ni kò”, kó o tó fọwọ́ kan àmì kankan. Òdì “ẹnì kan wà tó ṣe é” náà ni “kò sí ẹnì kankan tó ṣe é”.

“Àti” pẹ̀lú “tàbí” máa ń gbapò ara wọn tí a bá kọ̀ wọ́n. Orúkọ Augustus De Morgan, onímọ̀ ìṣirò kan, ni wọ́n fi ń pe òfin méjèèjì. “Ó mú fọ́ọ̀mù àti fọ́tò wá”: òdì rẹ̀ ni “kò mú fọ́ọ̀mù wá, tàbí kò mú fọ́tò wá”. Ẹni tó bá kọ “kò mú ìkankan wá” ti sọ ju ohun tó yẹ lọ. Ẹ rántí pé “tàbí” inú ìṣirò gba méjèèjì mọ́ra: bí wọ́n bá ní kí ẹni tó ní fóònù tàbí kọ̀ǹpútà bọ́ síwájú, ẹni tó ní méjèèjì kò ní jókòó.

Ó ku ìbéèrè 2. Mú ìlérí bàbá fún ọmọ: “Bí o bá yege, màá ra fóònù fún ọ.” Ọmọ yege, bàbá ra á: òótọ́. Ọmọ yege, bàbá kò ra á: irọ́. Ọmọ kò yege, bàbá kò ra á: bàbá kò purọ́. Ọmọ kò yege, àánú ṣe bàbá, ó ra á: kò purọ́ síbẹ̀, torí kò sọ ohun tóun máa ṣe bí ọmọ bá fìdí rẹmi. Ìlà mẹ́rin ti truth table (tábìlì tó ń fi hàn ìgbà tí gbólóhùn jẹ́ òótọ́ àti ìgbà tó jẹ́ irọ́) nìyẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ irọ́. Bó o bá ń ṣiyèméjì nípa ìlà méjì tó gbẹ̀yìn nínú yàrá ìdánwò, padà sórí fóònù yìí.

Ọ̀rọ̀ òjò wá. Ilẹ̀ lè tutù torí páìpù bẹ́ tàbí torí ẹnì kan da omi ọṣẹ nù. “Bí ilẹ̀ bá tutù, òjò rọ̀” ni wọ́n ń pè ní converse, gbólóhùn mìíràn ni, kò sì sí nínú ohun tí wọ́n fún ọ. Èyí tó bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba pátápátá ni contrapositive: “Bí ilẹ̀ kò bá tutù, òjò kò rọ̀.” Òwe kan wà tó fi èyí hàn kedere: “Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.” Contrapositive rẹ̀ ni pé bí obìnrin bá ń jẹ́ Kúmólú, ó nídìí. Ohun tí gbogbo wa ń gbọ́ nínú òwe náà gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ pé gbogbo obìnrin tí kò jẹ́ Kúmólú ni ọ̀rọ̀ tiwọn kò nídìí. Converse nìyẹn, òwe náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún “àfi” náà. “O ò ní wọ gbọ̀ngàn ìdánwò àfi tó o bá ní káàdì” túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni tó wọlé ní káàdì. Kò ṣèlérí pé gbogbo oníkáàdì ló máa wọlé. Ẹlòmíràn lè ní káàdì kó sì pẹ́ dé.

Kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Peter Wason, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1966. Káàdì mẹ́rin wà lórí tábìlì, lẹ́tà wà lójú kan, nọ́ḿbà wà lójú kejì. Ohun tá à ń rí ni E, K, 4, 7. Òfin: “Bí fáwẹ̀lì bá wà lójú kan, nọ́ḿbà tó ṣeé fi 2 pín á wà lójú kejì.” Káàdì wo la gbọ́dọ̀ yí wò láti mọ̀ bóyá wọ́n pa òfin náà mọ́? Má ṣe yí èyí tí kò pọn dandan.

Òǹkà

Ẹ ṣeun, Tísà. Mo mú 3.

1,575 wá látinú èrò yìí: mú obìnrin 3 nínú 7 ná kí “ó kéré tán” lè bọ́ sípò, ìyẹn ọ̀nà 35; lẹ́yìn náà mú ẹni 2 yòówù nínú 10 tó ṣẹ́ kù, ọ̀nà 45; 35 × 45 = 1,575. Ó dùn létí, àmọ́ ó ń ka ìgbìmọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mélòó kan. Mú ìgbìmọ̀ tó ní obìnrin mẹ́rin, ká pè wọ́n ní A, B, D àti E, pẹ̀lú ọkùnrin kan. O lè kọ́kọ́ mú A, B, D, kí E wá bá ẹni méjì ìkẹyìn wọlé. O lè kọ́kọ́ mú A, B, E, kí D wá bá ìkẹyìn wọlé. Ọ̀nà mẹ́rin ló wà fún ìgbìmọ̀ kan ṣoṣo. Èyí tó jẹ́ obìnrin márààrún wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, torí C(5,3), ìyẹn iye ọ̀nà tí a lè gbà yan 3 nínú 5 láìka ètò sí, jẹ́ 10.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kó o pín in sí ọ̀wọ́ tí kò wọnú ara wọn:

obìnrin 3, ọkùnrin 2: 35 × 15 = 525
obìnrin 4, ọkùnrin 1: 35 × 6 = 210
obìnrin 5: 21

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 756. Wo bí àṣìṣe náà ṣe jẹ́wọ́ ara rẹ̀: 525 × 1 + 210 × 4 + 21 × 10 = 525 + 840 + 210 = 1,575.

Kó o tó kọ fọ́múlà kankan, kọ àpẹẹrẹ ìdáhùn kan ṣoṣo sórí ìwé bó ṣe máa rí gan-an. Bí ó bá jẹ́ PIN ni, kọ 4717. Lẹ́yìn náà pààrọ̀ ipò nǹkan méjì nínú rẹ̀. Ṣé ìdáhùn mìíràn ló dà, àbí èyí kan náà ni? 7417 kì í ṣe 4717, nítorí náà ètò ṣe pàtàkì. Ṣé nǹkan kan lè wá lẹ́ẹ̀mejì? 7 wá lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tọ́, nítorí náà 10 × 10 × 10 × 10 = 10,000. Tí wọ́n bá ní kò gbọ́dọ̀ sí àtúnwí, 10 × 9 × 8 × 7 = 5,040. Ìgbìmọ̀ ńkọ́? Pààrọ̀ ipò ẹni méjì nínú rẹ̀, ìgbìmọ̀ kan náà ni, combination nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ alága, akọ̀wé àti akápò ni wọ́n fẹ́ yan nínú ẹni 13, ìpààrọ̀ á sọ alága di akọ̀wé: 13 × 12 × 11 = 1,716. Bí wọ́n bá kàn fẹ́ ẹni mẹ́ta láìsí ipò, pín in sí 6, ó di 286. Òǹkọ̀wé ìbéèrè lè má sọ ọ̀rọ̀ “ètò” rárá. Ipò ló máa dárúkọ, kí ìwọ sì tètè rí i.

Lórí lẹ́tà tó ń tún ara rẹ̀ wí, mú OSOGBO láìsí àmì. Lẹ́tà 6, O mẹ́ta. 6!, ìyẹn 6 × 5 × 4 × 3 × 2 × 1, jẹ́ 720, àmọ́ bí àwọn O bá gbapò ara wọn, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, ọ̀nà 3! = 6 ni wọ́n sì lè gbà ṣe é. 720 ÷ 6 = 120. Bí wọ́n bá ní kí O mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà pa pọ̀, dì wọ́n bí ìdì igi: OOO di nǹkan kan, ó kún S, G, B, ó di 4! = 24.

Ibí ni lọ́jíìkì Tísà ti ń wọnú ìkà. “Kí O mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má wà pa pọ̀” jẹ́ òdì èyí tó ṣáájú: 120 − 24 = 96. Ṣùgbọ́n “kí O méjì kankan má fara kan ara” le ju ìyẹn lọ. To S, G, B (ọ̀nà 6). Àlàfo mẹ́rin ló yí wọn ká: ọ̀kan níwájú, méjì láàárín, ọ̀kan lẹ́yìn. Yan 3 nínú 4 fún àwọn O: 6 × 4 = 24. OOSGBO wà nínú 96 yẹn, kò sí nínú 24 yìí. Àṣìṣe ìbéèrè 1 rẹ gan-an nìyí, aṣọ ìkà ló wọ̀.

ÌyáÌkàwé

Mo fẹ́ fi ọ̀nà àyẹ̀wò kan kún ti Òǹkà. Gbogbo ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 5 nínú ẹni 13 jẹ́ C(13,5) = 1,287. Ìdáhùn 1,575 ti ju gbogbo ohun tó wà lọ, ìyẹn nìkan tó láti mọ̀ pé nǹkan ti bàjẹ́. Kọ ọ̀wọ́ yòókù náà: obìnrin 0 jẹ́ 6; obìnrin 1 jẹ́ 7 × 15 = 105; obìnrin 2 jẹ́ 21 × 20 = 420. 6 + 105 + 420 + 525 + 210 + 21 = 1,287. Ó pé.

Ẹ má sì jẹ́ kí C(7,5) dẹ́rù bà yín tí kò bá sí kalikuléítọ̀. Yíyan ẹni 5 tó máa wọlé kò yàtọ̀ sí yíyan ẹni 2 tó máa jókòó sílé: C(7,5) = C(7,2) = 7 × 6 ÷ 2 = 21. Ìdí kan náà ni 0! fi jẹ́ 1. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti má mú ẹnikẹ́ni.

Olùbéèrè101

Ó ti yé mi, ẹ ṣeun gan-an. Ohun kan ṣì ń dà mí rú. Àwọn tó ń ta lótò máa ń sọ pé “perm 2 nínú 5”, wọ́n á ní ìlà mẹ́wàá ni. Ṣùgbọ́n permutation 2 nínú 5 jẹ́ 20. Ta ló ṣì í kà?

Òǹkà

Kò sẹ́ni tó ṣì í kà, orúkọ ló ṣini lọ́nà. Ohun tí wọ́n ń pè ní “perm” ní ṣọ́ọ̀bù lótò àti púùlù jẹ́ combination. Ẹni tó mú 12 àti 47 kò bìkítà èyí tó kọ́kọ́ jáde, nítorí náà C(5,2) = 10. “Perm 3 nínú 10” jẹ́ C(10,3) = 120 ìlà, kì í ṣe 720. Bó o bá gbé ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wọ yàrá ìdánwò, wàá lo P níbi tó yẹ kó o lo C.

Níwọ̀n bó o ti dárúkọ rẹ̀, jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ dópin. Nínú eré 5/90, nọ́ḿbà 5 ni wọ́n ń fà nínú 90. Gbogbo ọ̀nà tí 5 lè gbà jáde jẹ́ C(90,5) = 43,949,268. Bí ẹnì kan bá mú nọ́ḿbà méjì, ìṣeéṣe pé méjèèjì á wà nínú 5 tó jáde jẹ́ 5/90 × 4/89 = 20/8,010 = 2/801, ẹ̀ẹ̀kan nínú bí irinwó. Ká ní ìlọ́po 240 ni wọ́n ń san. Ẹni tó fi ₦100 ta á gba ₦24,000 bó bá jẹ. 24,000 × 2/801 jẹ́ nǹkan bí ₦59.93. Ìpíndọ́gba ohun tó ń padà wá nìyẹn lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí ₦40 sì ń lọ. Tó bá ta ìlà mẹ́wàá, á náwó ìlọ́po mẹ́wàá, á sì pàdánù ìlọ́po mẹ́wàá. Perm kì í yí ìdá náà padà.

Ọ̀rọ̀ “nọ́ḿbà yìí ti pẹ́ tí kò jáde, ó ti tó àkókò” kò ní ẹsẹ̀. Bọ́ọ̀lù inú àpótí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

OjúMẹ́jọ

Tí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ ìkà tó ti wà nílé kí ìwé tó dé, ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Ojú mẹ́jọ ló ní, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ojú kọ̀ọ̀kan sì lè ṣí tàbí kó dojú bolẹ̀. 2 lọ́nà ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, ìyẹn 2⁸, jẹ́ 256. Ẹ kà á lọ́nà kejì: ẹ̀gbẹ́ kan ní 2⁴ = 16, ẹ̀gbẹ́ méjì jẹ́ 16 × 16 = 256. Ẹ kà á lọ́nà kẹta: ojú odù 16 tí ọ̀tún àti òsì bára mu (Ogbè Méjì, Ọ̀yẹ̀kú Méjì, títí dé Òfún Méjì), pẹ̀lú àmúlù 16 × 15 = 240. 16 + 240 = 256. Tí ọ̀nà mẹ́ta bá bára mu báyìí, ọkàn á balẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 16 × 15, tí kì í ṣe C(16,2)? Torí ọ̀tún la kọ́kọ́ ń pè. Ogbè lọ́tùn-ún pẹ̀lú Ọ̀yẹ̀kú lósì jẹ́ Ogbè Ọ̀yẹ̀kú. Bí wọ́n bá gbapò ara wọn, ó di Ọ̀yẹ̀kú Logbè, odù mìíràn pátápátá. Ká ní ètò kò ṣe pàtàkì ni, àmúlù ì bá jẹ́ 120, gbogbo rẹ̀ ì bá sì jẹ́ 136. Ẹni tó bá rántí èyí kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ permutation àti combination.

Ohun kan ni kí ẹ má dà pọ̀ mọ́ ọn. 256 jẹ́ iye ohun tó lè jáde. Kò tíì sọ pé ìṣeéṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/256. Kí ìyẹn tó lè jẹ́ òótọ́, ojú kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ààyè kan náà láti ṣí tàbí láti dé, kò sì gbọ́dọ̀ sí ojú tó ń fa èkejì. Ikin náà ńkọ́? Bí ẹyọ kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, ìlà méjì la ń tẹ̀; bí méjì bá ṣẹ́ kù, ìlà kan. Ìlà mẹ́jọ náà ni, 256 náà ni. Ṣùgbọ́n bóyá ẹyọ kan àti méjì ń ṣẹ́ kù lọ́gbọọgba, ọwọ́ ló ń pinnu ìyẹn, kì í ṣe ìkà.

TísàLọ́jíìkì

Ọ̀rọ̀ ńlá lo sọ yẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú nínú ìṣeéṣe ni pé wọ́n á ka iye ohun tó lè ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì fi pín 1.

Ẹ wo obì aláwẹ́ mẹ́rin nílé, tàbí ègé àgbọn mẹ́rin táwọn ará Cuba ń dà dípò obì. Orúkọ márùn-ún ló wà fún ohun tó lè jáde níbẹ̀: Alafia (funfun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lókè), Etawa (mẹ́ta), Eyeife (méjì), Okana (ọ̀kan), Oyekun (kò sí). Akẹ́kọ̀ọ́ á ní: orúkọ márùn-ún, nítorí náà 1/5 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni. Kọ ègé mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, 2⁴ = 16. Nínú 16 yẹn, funfun mẹ́rin wá lẹ́ẹ̀kan, mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, méjì wá lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ọ̀kan wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin, òdo wá lẹ́ẹ̀kan. Bí ègé kọ̀ọ̀kan bá ń ṣubú lọ́gbọọgba, Eyeife ní 6/16, Alafia ní 1/16. 

Ègé àgbọn kì í ṣe owó ẹyọ tó tẹ́jú, ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto. Ká ní funfun ń wá sókè ní 0.6. 1, 4, 6, 4, 1 kò yí padà, ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan ló yí: Alafia di 0.6⁴ = 0.1296, Eyeife di 6 × 0.6² × 0.4² = 0.3456, Oyekun di 0.4⁴ = 0.0256. Kí ẹnì kan tó lè mọ̀ bóyá 0.5 ni tàbí 0.6, ó ní láti da ègé kan ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà kó sì máa kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌyáLáàbù

Ìbéèrè 4 ló kàn mí, torí kì í ṣe ti ìdánwò nìkan. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn ń fi ìṣirò yìí tan ara wọn jẹ.

Nígbà tí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan ní 1/4 láti jẹ́ AA, 2/4 láti jẹ́ AS, 1/4 láti jẹ́ SS. Kí ló burú nínú 4 × 1/4? A kì í ro ìṣeéṣe pọ̀ àfi bí àwọn nǹkan náà kò bá lè ṣẹlẹ̀ pọ̀. Ọmọ kìíní lè jẹ́ SS kí ìkejì náà jẹ́ SS, nítorí náà àròpọ̀ ti ka ìdílé yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Dán an wò pẹ̀lú ọmọ márùn-ún: 5/4! Ìṣeéṣe kankan kì í ju 1 lọ.

“Ó kéré tán ọ̀kan” ní òdì tó rọrùn: kò sí ìkankan. Ìṣeéṣe pé ọmọ kan kì í ṣe SS jẹ́ 3/4. Pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe SS jẹ́ 3/4 × 3/4 × 3/4 × 3/4 = 81/256, nǹkan bí 0.316. Nítorí náà ó kéré tán ọ̀kan jẹ́ 175/256, nǹkan bí 0.684. Tí wọ́n bá béèrè “ọ̀kan péré”, ìyẹn yàtọ̀: 4 × 1/4 × 27/64 = 27/64, nǹkan bí 0.422. 4 iwájú yẹn jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin tí a lè gbà mọ ọmọ wo ni.

Àwọn kan máa ń ní, “Àkọ́bí wa ti jẹ́ SS, mẹ́ta yòókù á bọ́.” Rárá o. Oyún kejì kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, 1/4 ni síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbejì tó wá látinú ẹyin kan ṣoṣo yàtọ̀: jínótáìpù kan náà ni wọ́n máa ní. Bí Táyé bá jẹ́ SS, Kẹ́hìndé náà jẹ́ SS. A kò lè sọ 1/4 × 1/4 níbẹ̀, 1/4 ni fún àwọn méjèèjì pọ̀.

Èyí tí olùkọ́ fẹ́ràn láti bi: ọmọ AS àti AS kan ti ṣe àyẹ̀wò, kì í ṣe SS. Kí ni ìṣeéṣe pé AS ni? Ọ̀pọ̀ á kọ 1/2. Ohun mẹ́rin ló wà tẹ́lẹ̀: AA, AS, SA, SS. A ti mọ̀ pé kì í ṣe SS, nítorí náà nù ún kúrò. Mẹ́ta ló ṣẹ́ kù, méjì nínú wọn jẹ́ AS: 2/3.

ÌyáÌkàwé

Ohun tí ÌyáLáàbù ṣe níkẹyìn yẹn, ká nu ohun tí kò ṣeé ṣe mọ́ kúrò ká tún pín, ni gbogbo ọ̀rọ̀ conditional probability. Má fi fọ́múlà bẹ̀rẹ̀, fi ènìyàn bẹ̀rẹ̀. Ká ní ẹnì kan nínú 100 ló ní àrùn kan. Àyẹ̀wò ń mú 95 nínú 100 àwọn tó ní in, ó sì ń ṣèèṣì mú 5 nínú 100 àwọn tí kò ní in. Àyẹ̀wò sọ pé ẹnì kan ní in. Kí ni ìṣeéṣe pé ó ní in lóòótọ́?

Kó ènìyàn 10,000 jọ. 100 ní in, àyẹ̀wò mú 95. 9,900 kò ní in, àyẹ̀wò ṣèèṣì mú 495. Àwọn tí wọ́n mú jẹ́ 590, 95 nínú wọn ló ní in: 95/590, nǹkan bí 0.16. Ẹni tó kọ 0.95 ti dáhùn ìbéèrè òdìkejì: bí ó bá ní àrùn, ṣé àyẹ̀wò á mú un? Ọ̀rọ̀ òjò àti ilẹ̀ tútù ló tún padà wá yìí.

Olùbéèrè101

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìdáhùn mi sí káàdì Tísà: E àti 4. Mo sì fi ABEOKUTA dán ti Òǹkà wò, kí A méjì má fara kan ara: lẹ́tà 8, A méjì, 8! ÷ 2 = 20,160. A méjì pa pọ̀ jẹ́ 7! = 5,040. Èyí tó kù jẹ́ 15,120. Ṣé ó tọ̀nà?

TísàLọ́jíìkì

E tọ̀nà, 4 kò tọ̀nà. Kí ni òdì òfin yẹn? Fáwẹ̀lì wà lójú kan, nọ́ḿbà tí kò ṣeé fi 2 pín sì wà lójú kejì. Káàdì tó lè fi irú ìyẹn pa mọ́ nìkan la ó yí. E lè ní 3 lẹ́yìn, yí i. 7 lè ní A lẹ́yìn, yí i. 4 ńkọ́? Bí fáwẹ̀lì bá wà lẹ́yìn rẹ̀, òfin dúró. Bí kọ́ńsónáǹtì bá wà níbẹ̀, òfin kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Fi í sílẹ̀, fi K náà sílẹ̀. E àti 7.

Òǹkà

15,120 tọ̀nà. Fi àlàfo yẹ̀ ẹ́ wò: lẹ́tà 6 yòókù jẹ́ 6! = 720, àlàfo 7 ló yí wọn ká, yan 2: 21. 720 × 21 = 15,120. Torí A jẹ́ méjì péré ni ọ̀nà méjèèjì fi bára mu. Bí méjì kò bá wà pa pọ̀, wọn kò fara kan ara náà nìyẹn. Nígbà tó bá di mẹ́ta, bíi ti OSOGBO, wọ́n á ya ara wọn: 96 lọ́tọ̀, 24 lọ́tọ̀.